Ọkọ̀ Tuntun Tí Kò Lè Panu Mọ́

Lọ́jọ́ tí Beisenbai wa ọkọ̀ tuntun rẹ̀ wọ ìlú wọn, Ayagoz, láti ìlú ńlá Semey, gbogbo àdúgbò ló tú síta. Kì í ṣe pé wọn kò rí ọkọ̀ rí o. Ọkọ̀ ti pọ̀ nílùú ju ẹṣin lọ báyìí, bí àwọn àgbà kò tilẹ̀ fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ tí Beisenbai ti ń wà látìgbà tó ti mọ ọkọ̀ wà, èyí tí ẹlòmíràn ti lò gbó ni wọ́n, kó tó kàn án. Èyí ni àkọ́kọ́ tó máa ra tí òórùn tuntun ṣì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé láàádọ́ta ọdún, irun iwájú orí rẹ̀ ti sá lọ, síbẹ̀ ó jókòó sẹ́yìn sitiárìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà ọdún fún.

Ìyá rẹ̀, Ultugan, ti dúró dè é lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin, ó ti súnkì, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àṣà, kò sẹ́ni tó lè gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ fi ṣe ṣáṣú, oúnjẹ dídùn tí wọ́n ń dà sórí ẹni fún ìbùkún, ló wà nínú àwo náà: súìtì aláràbarà, àjàrà gbígbẹ, àti kúrùtù róbótó-róbótó, wàrà kíkan tí wọ́n sá sóòrùn títí tó fi le koko. Kulpash, ìyàwó Beisenbai, ti bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ pé súìtì nìkan tó.

"Màmá, kúrùtù yẹn le jù. Ẹ má lọ fi ha ọ̀dà ara ọkọ̀ tuntun."

"Súìtì ti ilé ìtajà ni," ni ìyá dáhùn. "Ta ló mọ ọwọ́ tó ṣe é? Kúrùtù yìí, èmi ni mo fún wàrà rẹ̀, èmi ni mo yí i, orí òrùlé mi ló gbẹ sí. Ìbùkún tèmi ni kó tẹ̀ lé ọmọ mi lọ sọ́nà, kì í ṣe ti oníṣọ́ọ̀bù."

Ta ni yóò bá a jiyàn? Bí Beisenbai ṣe dúró tó ṣílẹ̀kùn, ìyá bu ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sókè. Ó dà sórí ọkọ̀, ó dà sínú ọkọ̀, ó dà lé Beisenbai lórí pípá. Tọmọdé tàgbà ṣùrù bo ilẹ̀, wọ́n ń he é, nítorí ohun téèyàn bá he nínú ṣáṣú, oríire rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Tokhtar aládùúgbò, tó ti ń pariwo ẹ̀yìn ríro láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́, ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ táyà lọ. Ìyá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó fi orúkọ ìkẹ́ pe ọmọ rẹ̀, ó súre: "Kí ọ̀nà rẹ funfun, ọmọ ràkúnmí mi. Kí táyà rẹ má mọ ìṣó." Gbogbo wọn fọwọ́ ra ojú, wọ́n ṣe àmín.

Àwọn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé fáàrí ló ra. Ẹ má dá wọn lóhùn. Beisenbai tí mo mọ̀ kò ní ẹyọ fáàrí kan lára; ìdí tó fi ra ọkọ̀ náà, ìyá rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyá máa ń dín ṣẹ́lípẹ́kì, burẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dín nínú òróró kí òórùn rẹ̀ lè tọ àwọn òkú ìdílé lọ. Tó bá dín in tán, Beisenbai á fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Karasu níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ìrìn bíi wákàtí kan ni, nínú pápá tí kò ní igi kan ṣoṣo. Ìyá kì í jókòó níwájú. Ẹ̀yìn ló máa ń wà, lápá ọ̀tún, pẹ̀lú ṣẹ́lípẹ́kì gbígbóná nínú aṣọ lórí itan rẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì ti kúrò nílùú, ọ̀rọ̀ ló kù. Ẹ mọ̀ pé nílé, ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á ní "ẹ wá jẹun," á ní "ẹ ti ilẹ̀kùn," ó tán. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, Beisenbai á máa rí i nínú dígí tí ètè rẹ̀ ń lọ láìsinmi, á rẹ́rìn-ín, á mirí, á nàka sí pápá. Ariwo ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, ọkọ̀ Rọ́ṣíà tó dàgbà ju Dana ọmọ Beisenbai lọ, kò sì ní jẹ́ kó gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Tó bá bi í pé kí ló wí, ìyá á ní, "Kò sí nǹkan kan. Wo iwájú rẹ."

Ó ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí ìyá Amantai kú lóṣù òtútù. Amantai àti Beisenbai, ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ ilé ìwé, wọn kì í sì í pàdé láìbú ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí ẹlẹgbẹ́ tí kò lè bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àlejò ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, Amantai kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó ti ògiri, ó ní, "Gbogbo ìgbà ni màmá mi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ń wo fóònù. Mi ò rántí ohun tó sọ. Mò ń wá a, mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Beisenbai lára ṣinṣin. Ó padà délé, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń mu tíì, ó wo ọrùn rẹ̀ tó ti tín-ín-rín, àyà rẹ̀ já. Kí ni ìyá ń sọ lẹ́yìn ọkọ̀ látìgbà tí bàbá ti lọ? Bóyá ìtàn ìran wọn ni, tí kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n mọ́. Bóyá ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun ni. Ohùn rẹ̀ ń relẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ sínú ariwo ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìyẹn ni Beisenbai fi ta ẹṣin méjì, tó ta ọkọ̀ àtijọ́, tó gbéra lọ sí Semey, tó ra ọkọ̀ tí ẹni tó tà á fún un búra pé, "Ọ̀gá, ẹ ó máa gbọ́ mímí ara yín nínú rẹ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ dé. Ìyá jókòó, ṣẹ́lípẹ́kì jókòó. Beisenbai ṣáná sí ọkọ̀, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ sì dùn dé ọ̀fun. Wọ́n gba ojú ọ̀dà títí ọ̀dà fi tán. Bí táyà ṣe kan ọ̀nà olókùúta báyìí, nǹkan kan dún níwájú.

Kó. Kó-kó. Kó-kó-kó-kó.

Beisenbai dín eré kù, ariwo náà dákẹ́. Ó sáré díẹ̀, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ilẹ̀kùn apá òsì ń han kíì-kíì. Nǹkan kan ń gbún búùtù lẹ́yìn. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo àga láti ilé iṣẹ́ ń dún wìnrìn-wìnrìn nígbàkigbà tí ìyá bá mí. Nínú dígí, ètè ìyá ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí Beisenbai, kó! ọ̀rọ̀ á fọ́. Ariwo ọkọ̀ àtijọ́, bí òjò ni, èèyàn lè sùn nínú rẹ̀. Tọ̀tẹ̀ yìí ń jẹ ẹ́ lágbárí. Kó tó dé Karasu, eyín ti ń ro ó nítorí bó ṣe ń pa á pọ̀.

"Ọkọ̀ yìí dára o," ni ìyá wí nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. "Ó ń kọrin."

Beisenbai kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rá ló kọ́kọ́ bá jà. Àbí kí n sọ pé Kulpash ló kọ́kọ́ bá jà lórí ọ̀rá, nítorí obìnrin náà na ọwọ́ méjèèjì bo àga bí ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ.

"Bàbá Dana, orí yín pé báyìí? Ẹ fẹ́ ṣí àga tuntun sílẹ̀ fún ekuru? Ẹ wo àbúrò mi. Ọdún karùn-ún rẹ̀ rèé tó ra ọkọ̀, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí."

"Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ fi ń dún bíi súìtì tí wọ́n ń bó."

"Dídún dára ju ìdọ̀tí lọ!"

"Kulpash, mi ò gbọ́ Màmá."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì rí i pé ojú ìyàwó rẹ̀ yí padà. Kulpash mọ ìdí tó fi ra ọkọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọ̀rá náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ya. Ó ká a dáadáa, ó lọ fi bo igi ìdáná. Obìnrin náà kì í fi nǹkan ṣòfò.

Beisenbai gba Semey lọ, ó padà sọ́dọ̀ àwọn tó ta ọkọ̀ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn bá a wa ọkọ̀ yípo lórí ọ̀dà tó mọ́ bí àwo, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Beisenbai ní kí wọ́n jọ lọ sórí ọ̀nà olókùúta. Ọ̀dọ́mọkùnrin wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ tuntun ṣì ń kọ́ ọ̀nà ni. Tó bá yá, á dákẹ́ fúnra rẹ̀." Beisenbai wakọ̀ padà sílé pẹ̀lú kó-kó-kó, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà: o ò tíì kọ́ ọ tán? O ò tíì kọ́ ọ tán, ìwọ olórí kunkun yìí?

Kulpash ló dábàá pé kí òun wọ búùtù.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, etí yín wà lójú ọ̀nà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a níbi tó gbé ń ṣe é."

Kulpash máa ń lu irun àgùntàn di aṣọ nínípọn, ó ń fi ṣe ẹní tà, àjákù rẹ̀ sì kún ilé wọn dé abẹ́ ibùsùn. Ó di àjákù kún àpò kan, ó wọ búùtù lọ́sàn-án gangan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ọkọ òun máa lọ. Bí Beisenbai ṣe ń rọra yí àdúgbò po nìyẹn, búùtù wà ní ṣíṣí, ẹsẹ̀ ìyàwó ń jù fìrì-fìrì lẹ́yìn. Bàbá Tokhtar wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbàgbé ẹ̀yìn ríro, ó nàró.

"Beisenbai! Kí ni ìyàwó ṣe tó o fi ń dá a padà fún àwọn àna rẹ?"

"Wọ́n ní àwọn ò gbà á, bàbá! Mò ń wá ẹni tí mo máa fi ta lọ́rẹ!"

"Ẹ má dá bàbá yẹn lóhùn!" ni Kulpash kígbe láti inú búùtù. "Ó wà lápá òsì! Ẹ sáré díẹ̀! Rárá, ọ̀tún ni! Ẹ gba inú kòtò yẹn!"

Wọ́n gba inú kòtò. Nǹkan dún gbàù, orí Kulpash ni. Ṣùgbọ́n ó bá a. Jáàkì ló tú nínú ihò rẹ̀ tó ń lu irin. Ó fi àjákù irun àgùntàn wé e bí ẹni pọn ọmọ, ó sì dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ki òmíràn sínú ilẹ̀kùn tó ń han kíì-kíì, ìyẹn náà panu mọ́. Inú tọkọtaya náà dùn débi pé wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà ilé, wọ́n ń mu tíì níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan ife. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí tẹlifíṣọ̀n.

Ó wá ku kó-kó nìkan. Ó ń wá láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti tẹ́tí sí i lápá kan, á bọ́ sí apá kejì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Beisenbai kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ìyá ti dín kù díẹ̀. Ó rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rù tún bà á: kí ohùn náà má lọ tán kí òun tó wá ibi tí ariwo yìí wà o! Bó ṣe di ọjọ́ Sátidé, ó gbé ọkọ̀ tọ Amantai lọ.

Amantai ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọjà, níbi tó ti ń rán àga ọkọ̀, tó sì ń tún inú ọkọ̀ ṣe. Ó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ Beisenbai, wọ́n jọ yí ọjà po, ó sì ń mirí.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè, kó o má sì bínú. Ṣé ọkọ̀ ló ń dún ni, àbí orúnkún rẹ?"

"Orúnkún mi tí mo fi gbá ọ nílẹ̀ nígbà tá a wà ní kíláàsì kẹrin?"

"Ìwọ gbá mi nílẹ̀? Èmi tí mo gbé ọ kọ́rùn kọjá odò nítorí pé o ń sunkún omi tútù?"

Wọ́n ń bú ara wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí Amantai fi tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Beisenbai kò lè wò ó. Wọ́n ti dúńbú ọkọ̀ òun bí àgùntàn iléyá, okùn iná rẹ̀ wà níta bí ìfun, ọkọ̀ tí kò tíì pé oṣù kan! Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ka àdúrà tó mọ̀.  Ìgbà tó ṣe, Amantai bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kúrùtù kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, funfun báláú, róbótó. Lọ́jọ́ ṣáṣú, ó ti gba ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà fẹ́ mọ́ dígí iwájú wọlé, ó sì ti ń yí kiri nínú rẹ̀ látìgbà náà.

"Àwọn ẹlòmíràn ń ra ọkọ̀ tó ń mu epo," ni Amantai wí. "Tìrẹ gbé oúnjẹ ìrìn-àjò tirẹ̀ wá."

Beisenbai na ọwọ́ kó gbà á. Amantai jù ú sẹ́nu.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ìyá mi ló ju ìyẹn!"

"Mo mọ̀. Ta ló he é?"

"Nínú ọkọ̀ tèmi!"

"Ṣé ṣáṣú mọ ọkọ̀ ẹni ni? Ẹni tó bá he é ló ni ín." Ó yí i sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "Ó níyọ̀ dáadáa. Ọwọ́ màmá kò tíì yẹ̀."

Inú bí Beisenbai fún ìgbà díẹ̀, lóòótọ́ ni mo wí. Oríire ọkọ̀ òun ni ọkùnrin yìí ń lá níṣojú òun. Ṣùgbọ́n ó rántí pé ìyá kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé kúrùtù tí òun fi súre ló ń da ọmọ òun láàmú. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún Màmá."

Ẹ̀rín kúrò lójú Amantai. "Mi ò ní sọ. Ká ní màmá tèmi wà láyé, kó ju odidi àpò kan sínú ẹ́ńjìnì mi. Ǹ bá fara mọ́ ọn." Ó da dáṣíbọ́ọ̀dù padà, ó rọra tẹ gbogbo rẹ̀ bọ́ sáyè, kò sì bú Beisenbai mọ́ títí ó fi lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Kulpash ní òun náà ń lọ, òun fẹ́ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí òun fi orí òun wá nínú búùtù. Ó jókòó níwájú, ìyá jókòó lẹ́yìn. Wọ́n kúrò nílùú, ọ̀dà tán, táyà bọ́ sórí òkúta. Ọkọ̀ kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni aṣọ tí ìyá fi wé ṣẹ́lípẹ́kì tó ń dún fẹ́ẹ́rẹ́. Beisenbai fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún ayọ̀. Ó gbé ojú sí dígí, ó dẹ etí sílẹ̀.

Ìyá ń wo pápá. Ètè rẹ̀ kò mì.

Wọ́n kọjá odò gbígbẹ. Wọ́n kọjá agbo ẹṣin kan. Ìyá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tó wà níwájú àlejò. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe bọ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Beisenbai kò lè jẹun mọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ìyá ń ṣàìsàn ni, àbí ọ̀rọ̀ tó ní í sọ ti tán gan-an kí òun tó dé. Nígbà tó di Jímọ̀ kẹta, tí wọ́n ti wà nínú pápá, kò lè pa á mọ́ra.

"Màmá, ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ lẹ́yìn ọkọ̀."

Ìyá yíjú sí i kíá. "O ń gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ ẹyọ kan rí. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ra ọkọ̀ yìí."

Ìyá kọ́kọ́ wò ó lẹ́yìn orí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí Kulpash fi yípadà láti fún un lómi.

"Ọmọ ràkúnmí mi," ló wí, "o ti na owó sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ni."

Beisenbai dín eré ọkọ̀ kù.

"Nígbà tí mo wọlé bàbá rẹ, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ méje wà níbẹ̀, yàrá sì jẹ́ méjì. Ìyàwó ilé wo ló máa la ohùn kí ìyá ọkọ gbọ́? Tí mo bá fẹ́ tọrọ iyọ̀, ojú ni mo fi ń tọrọ ẹ̀. Inú ọkọ̀ ẹrù tí bàbá rẹ ń wà nìkan la ti ń sọ̀rọ̀. Tó bá ń lọ kó koríko, á ní òun nílò ẹni tó máa bá òun di ẹrù, èmi náà á sáré gun un. Ẹ́ńjìnì yẹn ń ké, èmi náà ń ké lé e, mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mo lóyún rẹ. Ariwo yẹn ni ògiri yàrá wa." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. "Tá a bá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, mo máa ń ro ẹjọ́ ọ̀sẹ̀ fún un lọ́nà, ká tó débẹ̀. Ọkọ̀ rẹ dára, má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ bí ilé ìyá ọkọ. Báwo ni mo ṣe máa bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Kulpash, tí òun náà ti jẹ́ ìyàwó ilé lọ́wọ́ obìnrin yìí fún ọdún gbọọrọ, kọ ojú síta, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ó dun Beisenbai. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ti ta ẹṣin méjì sórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti rò pé ogún kan ni ìyá ń sọ sẹ́yìn òun tí òun kò rí gbà. Ó wakọ̀ lọ díẹ̀, ìkanra rẹ̀ ń rọlẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, ó ń rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn sitiárìn ọkọ̀ ẹrù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń wá ẹni bá òun di koríko. Kò mọ bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ wá yọ́, ó sì dùn, ìdùnnú tó ju tọjọ́ tó ra ọkọ̀ lọ.

Ó tẹ bọ́tìnnì, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn pápá ya wọlé gùùù, pẹ̀lú ariwo táyà lórí òkúta àti òórùn ewé kíkorò.

"Bàbá Dana! Òtútù!" ni Kulpash pariwo.

"Fi ìborùn bo etí rẹ."

Kulpash wo ojú rẹ̀, ó so ìborùn mọ́ àgbọ̀n, ó sì sọ fèrèsé tirẹ̀ náà kalẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, ó tín-ín-rín, ó ń dán wọn wò.

"Beisenbai, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ó gbọ́ ọ ketekete. Kulpash náà gbọ́, ó ti la ẹnu, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀. Beisenbai tẹjú mọ́ ọ̀nà, kò dáhùn.

"Beisenbai?"

Beisenbai ń wakọ̀ lọ.

"Bàbá Beisenbai," ni ìyá wá wí, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀, ohùn ọmọbìnrin ni. "Ẹ ò ní gbà gbọ́. Ọmọ yín ra ọkọ̀ tuntun..."

Beisenbai na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, ó ṣí fèrèsé méjèèjì ẹ̀yìn.